Bàbá Láwàlì àti Àwọn Dòsíè Tí Mo Tún Tò

Ọmọ ọdún méjìlélógún ni mí nígbà tí wọ́n ní kí n máa kọ́ àwọn tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ kí wọ́n tó bí mi bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́. Ẹ má bi mí pé kí ni mo mọ̀. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń fi ìka mẹ́rin tẹ maṣínì ìkọ̀wé, mo sì ní ìwé kan.

Ìwé yẹn ló fa gbogbo ẹ̀. Orí àpò tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀ ní àdúgbò Gounghin ni mo ti rà á, lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó ń ta táyà kẹ̀kẹ́ àlòkù pọ̀ mọ́ ìwé. Ìwé Faransé ni, nípa bí a ṣe ń ṣètò búrò, ìyẹn ọ́fíìsì, ìgbàlódé. Kò ní èèpo, ogójì ojú ewé àkọ́kọ́ sì ti já lọ. Ojú ewé kọkànlélógójì ló ti bẹ̀rẹ̀, láàárín gbólóhùn. Èmi ò ka ìyẹn sí nǹkan kan. Mo ní kí ló lè wà níbẹ̀rẹ̀ ìwé ju ìkíni lọ? Mo ka ìyókù lẹ́ẹ̀mẹta. Mo ń fi bíírò pupa fàlà sábẹ́ ibi tó bá wù mí, títí tó fi jẹ́ pé ibi tí n kò fàlà sí ló wá ń dá hàn bí ibi pàtàkì.

Ọdún 1986 ni. Ìjọba Ìyípadà ti ń lọ sí ọdún kẹta ní Ouagadougou, olú ìlú Burkina Faso, kò sì sí ohun tí kò wú mi lórí nínú rẹ̀. Wọ́n ní kí òṣìṣẹ́ máa wọ fásò dan fani, aṣọ òwú tí àwọn obìnrin ìlú ń hun. Mo rán mẹ́ta. Wọ́n ní ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ kí gbogbo búrò jáde lọ ṣe eré ìdárayá. Èmi ni mo máa ń sáré níwájú, èmi náà ni mo máa ń bì kẹ́yìn. Wọ́n ní ẹni tó bá pẹ́ dé iṣẹ́, a ó kọ orúkọ rẹ̀ sára pátákó. Mo máa ń dé kí ẹ̀ṣọ́ tó jí, ẹ̀ṣọ́ sì kórìíra mi nítorí rẹ̀. Wọ́n ní kí a máa pe ara wa ní kámárádì, àtàgbà àtọmọdé. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ fẹsẹ̀ kọ.

"Kámárádì Láwàlì, ẹ káàárọ̀," ni mo wí lọ́jọ́ kan.

Bàbá tí mo ń kí ń fi òwú so apá awò ojú rẹ̀ tó kán. Kò gbójú sókè. "Ta lò ń pè?"

"Ẹ̀yin ni."

"Nígbà tí bàbá rẹ fẹ́ fẹ́ ìyá rẹ, èmi ló rán sí àwọn àna rẹ̀. Tó o bá délé, bi í bóyá kámárádì ló ń pè mí."

Láti ọjọ́ yẹn, Bàbá Láwàlì ni mò ń pè é, àfi nínú ìwé.

Ọmọ àdúgbò Hamdalaye ni, bíi tèmi. Bàbá rẹ̀ wá láti Èjìgbò pé òun fẹ́ ta obì fún ọdún méjì péré, ó fẹ́ ọmọ Mọ̀sí, ẹ̀yà tó ni ìlú náà, ó sì wà níbẹ̀ títí wọ́n fi sin ín. Láyé àwọn Faransé, ìránṣẹ́ tó ń fẹsẹ̀ gbé lẹ́tà kiri ìlú ni Láwàlì. Kò sí ilé tí kò kan ilẹ̀kùn rẹ̀ rí, kò sì sí ajá tí kò lé e. Nígbà tí orúnkún bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, wọ́n mú un wá sí búrò wa, wọ́n fún un ní kọ́kọ́rọ́ yàrá dòsíè, ìyẹn àwọn fáìlì ará ìlú. Ọdún mọ́kàndínlógún ló ti lò níbẹ̀ lọ́jọ́ tí mo kí i ní kámárádì. Mẹ́ta péré ló kù kó gba owó ìfẹ̀yìntì. Ó lè ka ìwé Faransé, ṣùgbọ́n ètè rẹ̀ máa ń mì tó bá ń kà á, ìyẹn sì tó fún mi láti mọ̀ pé ẹni àtijọ́ ni.

Búrò wa, tí n kò ní dárúkọ kí ojú má baà tì mí lẹ́ẹ̀mejì, ló ń pín ilẹ̀ fún àwọn onílé ní àdúgbò tí ìjọba ń là. Olórí ilé kọ̀ọ̀kan ní dòsíè kan lọ́dọ̀ wa: orúkọ rẹ̀, iye ìyàwó, iye ọmọ, àti àwòrán ilé tí wọ́n fi ọwọ́ yà. Ilé kankan ò tíì ní nọ́ńbà. Ẹni tí dòsíè rẹ̀ wà á gba ilẹ̀. Ẹni tí a ò bá rí tiẹ̀, katakata tí wọ́n fi ń wólé ni yóò kọ́kọ́ wá kí i.

Dòsíè náà lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ta, Bàbá Láwàlì sì tò wọ́n bí ìlú ṣe tò. Bẹ́ ẹ bá wọ yàrá náà, Gounghin ló wà lápá òsì, Samandin wà lábẹ́ fèrèsé, Hamdalaye wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Aládùúgbò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ aládùúgbò lórí pẹpẹ, títí dé ìpẹ̀kun òpópónà, àlàfo díẹ̀ á wá wà níbi tí ọ̀nà mìíràn ti dá a kọjá. Tí ẹnìkan bá wá, kì í bèèrè orúkọ rẹ̀. Á ní, "Ta ló ń gbé lọ́ọ̀kánkán yín? Igi wo ló wà lẹ́nu ọ̀nà?" Á wá máa fọwọ́ tọ́ ara pẹpẹ lọ bí ẹni ń rìn nígboro, títí á fi dúró.

Mo bi í nígbà kan pé, "Bàbá, níbo ni dòsíè Kaboré wà?"

Ó ní, "Kaboré wo? Èyí tó ń tún rédíò ṣe, àbí èyí tí ìyàwó lé jáde?"

Mo rẹ́rìn-ín, mo sì kọ ọ́ sínú ìwé mi pé: kò ní ètò.

Lóòótọ́, ohun kan wà tó yẹ kó kọ ènìyàn lóminú. Lọ́dún tó ṣáájú, ibà dá bàbá náà dùbúlẹ̀ fún ọjọ́ méjìlá, ọjọ́ méjìlá yẹn sì ni búrò fi kú. Kò sẹ́ni tó lè rí dòsíè kan mú jáde. A rán ẹnìkan gun mótò, ìyẹn alùpùpù, lọ bá a lórí ẹní. Ó dijú, ó ní, "Kọjá mọ́sálásí, ya sí ọwọ́ ọ̀tún níbi alágbẹ̀dẹ, ẹ̀kẹta sí i." Ẹni tí a rán padà wá sọ fún wa pé ibà ti wọ bàbá lórí, ìsọkúsọ ló ń sọ.

Ìyẹn ni Kámárádì Monique rántí. Òun ni olórí ìgbìmọ̀ òṣìṣẹ́ ní búrò wa, obìnrin gíga kan tí kì í gbóhùn sókè, tí kì í sì í gbàgbé nǹkan. Rémy ló ń pè mí, torí Adérẹ̀mí gùn jù fún ètè Faransé.

"Rémy," ó ní, "ìwọ lò ń kàwé. Wo bí kálukú ṣe ń ṣiṣẹ́, kọ́ wọn ní èyí tó dáa jù, kí o sì jábọ̀ fún mi: ta ló yẹ kó dúró sí ipò rẹ̀, ta ni kò yẹ."

Orí mi wú débi pé ẹ̀ṣẹ́ ò lè mì mí lọ́jọ́ yẹn. Mo lọ bá Bàbá Láwàlì, mo ní kó kọ ọ̀nà tó ń gbà tò wọ́n sílẹ̀ fún mi.

Ó ní, "Bí mo bá kọ ọ́ sínú ìwé, ìwé ni wọ́n á mú, wọ́n á ní kí èmi máa lọ. Ọdún mẹ́ta ló kù fún mi, Rẹ̀mí. Jẹ́ kí n lo ọdún mẹ́ta mi."

Ẹni tó ní etí á ti gbọ́ ohun tó ń bà á lẹ́rù. Èmi gbọ́ "rárá" nìkan. Mo lọ jókòó sídìí maṣínì, mo tẹ ìjábọ̀ mi, mo tún un tẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta nítorí àṣìṣe: *Ọ̀nà tí Kámárádì Láwàlì ń gbà ṣiṣẹ́ kò ṣeé kọ́ ẹlòmíràn. Mo dámọ̀ràn kí a yọ ọ́ kúrò lẹ́nu iṣẹ́, kó lọ sinmi.* Mo rò pé "kó lọ sinmi" yẹn jẹ́ àánú. Mo kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé mo ní ètò tuntun láti inú ìwé mi. Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ ni mo fi í lé Monique lọ́wọ́, lẹ́nu eré ìdárayá, òun ń sáré, èmi ń sáré tẹ̀ lé e.

Kò dúró. Ó ká ìwé náà sí mẹ́rin, ó ní, "Àwọn méjì ń bọ̀ láti ọ̀dọ̀ mínísítà ní Ọjọ́rú. Fi ètò tuntun rẹ hàn wọ́n. Tó bá ṣiṣẹ́, a ó fọwọ́ sí èyí."

Ní Ọjọ́ Àìkú, èmi àti ènìyàn mẹ́sàn-án tó yọ̀ǹda ara wọn já dòsíè sílẹ̀. Ojú ewé kejìléláàádọ́rin ìwé mi sọ ọ́ kedere: a máa ń to ìwé ní A, B, C, orúkọ ìdílé ni kí á wò. Mo kọ lẹ́tà gàdàgbà sára páálí mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Bàbá Láwàlì mú àga rẹ̀, ó lọ jókòó sábẹ́ igi dóńgóyárò níta, ó kọ ẹ̀yìn sí wa.

Páálí A kò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Mo kọrin. B náà kò pẹ́. Nígbà tó fi máa di aago mẹ́wàá, páálí O ti kún. Mo mú òmíràn. Ó kún. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ilẹ̀ Mọ̀sí ti mọ ibi tí mò ń lọ; èmi tí wọ́n bí síbẹ̀, tí orúkọ ìdílé ìyá mi gan-an ń jẹ́ Ouédraogo, ni kò mọ̀. Bí ẹ bá ju òkúta ní ọjà wa, Ouédraogo ló máa bà, Ouédraogo mìíràn ló máa bá yín bẹ̀ ẹ́. Ní ìrọ̀lẹ́, páálí O ti di mọ́kànlá. Nínú X, kò sí nǹkan kan. Mo gbé X sókè wò, bóyá nǹkan lẹ̀ mọ́ ọn nísàlẹ̀.

Albertine, ọ̀dọ́mọbìnrin tó ń tẹ̀wé fún Monique, nu ekuru lójú. "Rémy, ṣé O ni gbogbo ìlú yìí ni?"

Mo ní, "Ètò tó dáa ló ń fi ibi tí iṣẹ́ pọ̀ sí hàn."

Ó wò mí bí wọ́n ṣe ń wo ẹni tí oòrùn pa. Kó má baà tún bèèrè nǹkan mìíràn, mo rán an lọ ra omi.

Ní Ọjọ́rú, àwọn àlejò méjì dé: ọkùnrin kan tó ní aago ọwọ́, àti ọkùnrin kan tó ń wo aago ẹni yẹn. Mo fi ìdámẹ́rin wákàtí sọ̀rọ̀ fún wọn nípa bí a ṣe ń dín ìdúró àwọn ará ìlú kù. Mo ní, "Dòsíè yòówù, ìṣẹ́jú kan."

Monique ṣí ilẹ̀kùn, ó pe ẹni àkọ́kọ́ tó wà lórí bẹ́ǹṣì níta. Mariama ni wọ́n ń pè é, opó kan láti Samandin. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá ọkọ rẹ̀ tó kú wà lórí àkọsílẹ̀, kí ó tó di pé wọ́n wó ilé lé òun lórí.

"Orúkọ ọkọ yín?" ni mo bèèrè, pẹ̀lú ẹ̀rín tí mo ti fi dígí kọ́.

"Ouédraogo Salifou."

Mo wọlé. Nínú páálí mọ́kànlá, Ouédraogo Salifou jẹ́ mẹ́tàdínláàádọ́ta. Mo kó wọn jáde sórí tábìlì. Kò sí àdúgbò lórí èyíkéyìí. Bàbá náà kò fìgbà kan kọ ọ́, nítorí pẹpẹ ló ń sọ ọ́, èmi sì ti tú pẹpẹ ká. Mo pariwo béèrè láti inú yàrá: "Ọmọ mélòó?" Ó ní mẹ́fà. Mẹ́rìnlá nínú wọn ló bí ọmọ mẹ́fà. Mo mú àwòrán ilé kan lọ bá a. Igun mẹ́rin, ilẹ̀kùn kan. "Ilé yín nìyí?"

"Ó jọ ọ́," ó ní.

Mo mú òmíràn wá.

"Ìyẹn náà jọ ọ́."

Ìṣẹ́jú kan di ogún. Òógùn bò mí, aró fásò dan fani mi sì ń ṣàn bọ́ sí ọrùn mi. Àlejò tó ní aago ti jókòó. Mariama ní, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀, "Ọmọ mi, fi sílẹ̀, má yọ ara rẹ lẹ́nu. Ṣé bàbá kan kò sí níbí tẹ́lẹ̀?"

Bàbá náà ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó kí i ní Mòoré, èdè àwọn Mọ̀sí, ó bi í pé níbo ní Samandin.

"Lẹ́yìn ẹ̀rọ ìlọta."

"Ilé tó ní kànga, àbí ti àwọn aládìẹ?"

"Tiwa ló ní kànga."

Ó wá sídìí tábìlì. Kò wo orúkọ kankan. Ó dà wọ́n dojú bolẹ̀, ó ń fi àtàǹpàkò tọ́ igun ìsàlẹ̀ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó yọ mẹ́ta sọ́tọ̀. "Àwọn yìí ni ará Samandin."

"Báwo lẹ ṣe mọ̀?" Èmi ni mo bèèrè, ohùn mi sì ti kéré.

"Fèrèsé ń jò sí Samandin. Òjò kan ló rin gbogbo wọn nígun. Tí wọ́n bá gbẹ, ìwé á le." Ó na ọ̀kan sí mi. "Ojú mi ò ríran dáadáa. Kí ló wà nínú àgbàlá yẹn?"

Nǹkan roboto kékeré kan ló wà níbẹ̀. Mo ti rí i tẹ́lẹ̀. Mo rò pé ẹ̀kán tíì ni.

"Kànga ni," ó ní. "Ọmọ mélòó?"

"Mẹ́fà."

Mariama gba dòsíè náà mọ́ àyà, ó ń dúpẹ́, ó ní, "Bárka, bàbá, bárka." Monique kọ orúkọ ọkọ rẹ̀ sórí àkọsílẹ̀ lójú rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ kò gbà tó ìṣẹ́jú mẹ́rin.

Àlejò tó ní aago dìde. "Ta ni ọkùnrin yìí?"

Ojú gbogbo wọn yí sọ́dọ̀ mi. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé àkókò wà fún mi láti sọ òtítọ́. Mo ní, "Olùrànlọ́wọ́ mi ni."

Bàbá Láwàlì tún òwú awò ojú rẹ̀ fà le, ó padà sábẹ́ igi.

Nígbà tí àwọn àlejò lọ jẹun, mo sáré bá Monique. "Kámárádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá ìjábọ̀ mi padà."

"Kí ló dé?"

"Kì í ṣe òótọ́ mọ́."

"Ó jẹ́ òótọ́ rí?" Ó tú ìwé náà sílẹ̀. "O kọ pé kò ṣeé kọ́ ẹlòmíràn. Ọjọ́ mélòó lo fi jókòó tì í láti kọ́ ọ?"

Mo ní kó ṣáà fà á ya.

"Aago mẹ́ta ni a ó fọwọ́ sí i," ó ní. "Ìwé tó ti wọlé kì í fẹsẹ̀ ara rẹ̀ jáde. Bó o bá fẹ́ kó jáde, fẹnu ara rẹ mú un jáde, níwájú gbogbo èèyàn."

Àṣà Ìjọba Ìyípadà nìyẹn: ẹni tó bá ṣe àṣìṣe á dìde láàárín ìpàdé, á sì ka ẹ̀sùn sí ara rẹ̀ lọ́rùn. Mo ti pàtẹ́wọ́ gan-an nígbà tí àwọn ẹlòmíràn ń ṣe é. Ní aago mẹ́ta, mo dìde níwájú òṣìṣẹ́ mọ́kànlélọ́gbọ̀n àti àlejò méjì, aró dúdú lọ́rùn. Mo bẹ̀rẹ̀ láti orí ipò àwọn òṣìṣẹ́ ní gbogbo àgbáyé.

"Kámárádì," Monique ní, "ṣe é ní kúkúrú."

"Mo kọ̀wé lórí ohun tí n kò mọ̀," ni mo wí. "Mo ní kí wọ́n lé Bàbá Láwàlì. Mo tú iṣẹ́ ọdún mọ́kàndínlógún ká láàárín Ọjọ́ Àìkú kan. Mo wá pè é ní olùrànlọ́wọ́ mi. Èmi ò lè ṣe olùrànlọ́wọ́ rẹ̀ pàápàá. N kò mọ ìyàtọ̀ láàárín kànga àti ẹ̀kán tíì." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Albertine rẹ́rìn-ín jù wọ́n lọ. "Mo bẹ̀ yín, ẹ má fọwọ́ sí i."

Àlejò tó ní aago kò rẹ́rìn-ín. "Ó dáa, a ti gbọ́. Ṣùgbọ́n tí ibà bá tún mú bàbá yìí lọ́la ńkọ́? Ta ló máa bá opó mìíràn wá dòsíè rẹ̀?"

Ìbéèrè tó tọ́ ni, èmi náà sì ti rí i tẹ́lẹ̀, kí n tó gba ọ̀nà tí kò tọ́ lọ bá a. Gbogbo wa yíjú sí Bàbá Láwàlì. Ó pẹ́ kó tó dìde nítorí orúnkún.

"Mo ti ń bẹ̀rù," ó ní, "pé bí mo bá jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n á lé mi. Ọmọ yìí kò kọ ọ́ sílẹ̀, ó sì kù díẹ̀ kó lé mi. Ẹ̀rù yẹn ò wá ní ìwúlò kankan mọ́." Ó wò mí. "Kó mú bíírò rẹ̀ wá. Kó má ṣe jẹ́ pupa."

Monique fa ìjábọ̀ mi ya sí méjì, ó kọ òmíràn sẹ́yìn ìdajì kan: kí Bàbá Láwàlì wà lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀ títí ọdún mẹ́ta yóò fi pé, kó sì kọ́ Rémy àti Albertine. Àlejò fọwọ́ sí i. Ó tún wo aago.

Ọ̀sẹ̀ méje ló gbà wá. Láàárọ̀ a ó rìn ní ìgboro, bàbá níwájú, èmi àti Albertine lẹ́yìn pẹ̀lú ìwé; èmi á máa ti mótò mi, nítorí ó ní ẹni tó bá gun mótò kò ní rí ẹnu ọ̀nà. Lọ́sàn-án a ó to ohun tí a rí sórí pẹpẹ, Albertine á sì kọ orúkọ òpópónà sára rẹ̀ ní lẹ́tà ńlá, kí aláìmọ̀kan bíi tèmi lè rí i kà. Mo fi ìwé mi han bàbá lọ́jọ́ kan, níbi tí ogójì ojú ewé ti já. Ó yẹ̀ ẹ́ wò. Ó ní bóyá ibẹ̀ ni wọ́n ti sọ pé kéèyàn kọ́kọ́ bèèrè.

Nígbà tí ó parí, dòsíè kan ṣoṣo ló ṣẹ́ kù nínú páálí O, nísàlẹ̀ pátápátá. Oyèwọlé. Ti bàbá mi ni, ọwọ́ ara mi ni mo sì fi jù ú síbẹ̀.

"Ta ló ń gbé lẹ́yìnkùlé yín?" Bàbá Láwàlì bèèrè.

Ọdún méjìlélógún ni mo ti ń sùn nínú ilé yẹn. Mo mọ̀ pé wọ́n ní ewúrẹ́ kan tó máa ń ké. Mo sọ ọ́.

"Orúkọ ewúrẹ́ kọ́ ni mo bèèrè."

"Bàbá, ṣebí ẹ̀yin mọ̀ wọ́n."

"Èmi mọ̀ wọ́n," ó ní, ó sì gbé dòsíè náà lé mi lọ́wọ́.

Ni mo bá lọ sí Hamdalaye. Bàbá mi rí mi lẹ́nu ọ̀nà láago mẹ́wàá àárọ̀, ẹ̀rù bà á. "Ṣé wọ́n ti lé ọ ni?"

"Wọn ò lé mi. Iṣẹ́ ni wọ́n rán mi." Mo gbé ìwé jáde. "Ẹ dákun, ta ló ń gbé lẹ́yìn wa?"

Ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó wo bíírò, ó wo dòsíè tí orúkọ òun wà lára rẹ̀. Ó wá ké sí ìyá mi nínú ilé pé kó jáde wá wo ohun tí ìjọba ń sanwó fún.